Búrẹ́dì Tí Kò Ní Gluten, Tí Kò Ní Mílíìkì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni gluten, inú oúnjẹ wo ló sì wà?

Gluten ni purotéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà bálì àti ráì. Òun ló ń mú kí fúláwà máa fà tí wọ́n bá bu omi sí i tí wọ́n sì pò ó. Òun náà ló ń sé afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń tú jáde mọ́nú títí búrẹ́dì á fi wú.

Nílé wa, kì í ṣe inú búrẹ́dì nìkan ló wà. Sẹ̀mó, sùpàgẹ́tì, màkàróní, pọ́fùpọ́fù, búǹsì, ṣinṣín, míìtì páì, gbogbo wọn ló sábà máa ń ní i. Mọ́ọ̀tì náà ní i tó bá jẹ́ ọkà bálì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá rí spelt, durum, semolina tàbí bulgur lára páálí, àlìkámà náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, pákí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kò ní in rárá. Ẹni tó ń fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ti ń jẹ oúnjẹ tí kò ní gluten kó tó gbọ́ orúkọ náà rí.

Ta ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án?

Ẹni tó bá ní àrùn celiac. Nínú àrùn yìí, bí gluten bá ti wọnú, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara á kọjú ìjà sí ìfun onítọ̀hún fúnra rẹ̀, ìfun náà ò sì ní lè fa èròjà inú oúnjẹ bó ṣe yẹ mọ́. Ó lè yọ bí ìgbẹ́ gbuuru, bí inú wíwú, bí àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò gbọ́ oògùn, tàbí kí ọmọdé má dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn 100 ló ní i lágbàáyé. Oúnjẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, títí ọjọ́ ayé.

Dókítà ọmọdé ará Netherlands kan, Willem Dicke, ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ó ti ń fura tipẹ́. Nígbà tí ìyàn mú lọ́dọ̀ wọn ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé ni àìsàn padà dé.

Àwọn míì wà tó jẹ́ pé aléjì àlìkámà nìkan ni wọ́n ní, àwọn míì sì wà tí inú kàn máa ń ni lára tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Nítorí ẹni tó ní celiac la ṣe le mọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nísàlẹ̀ yìí, torí bíńtín péré ti tó láti pa á lára.

Ṣé kí n kàn jáwọ́ nínú búrẹ́dì, kí n wò ó bóyá ara á tù mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Ohun tí ara ń pèsè láti fi bá gluten jà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ń wá. Tí ẹ bá ti jáwọ́, èsì lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Britain ni pé kéèyàn máa jẹ gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, kó tó lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn èsì, ẹ lè wá kó fúláwà jáde nílé.

Mílíìkì ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ló ń gbà yọni lẹ́nu, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ni pé inú ẹni ò lè da lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì. Inú á máa kùn, á máa wú, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Èyí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ẹni tó sì ní i lè mu mílíìkì tí wọ́n ti yọ lactose kúrò nínú rẹ̀.

Èkejì ni aléjì purotéènì inú mílíìkì. Ìyẹn le: ara lè sú, ètè lè wú, èémí lè há. Mílíìkì tí wọ́n yọ lactose kúrò nínú rẹ̀ ṣì léwu fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mílíìkì ewúrẹ́ náà kò gbà á là, nítorí purotéènì rẹ̀ sún mọ́ ti màlúù púpọ̀.

Ẹyin ńkọ́, ṣé ara mílíìkì ló wà?

Rárá o. Ibi kan náà tí wọ́n ń kó wọn sí ní súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹni tó ń sá fún mílíìkì lè jẹ ẹyin, àfi tó bá jẹ́ pé ẹyin gan-an náà ni aléjì rẹ̀.

Búrẹ́dì pákí tí ìjọba ń polongo, ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Ẹni tó ní celiac kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Torí owó tó ń bá àlìkámà òkèèrè lọ ni ìjọba Nàìjíríà ṣe ń rọ àwọn bẹ́kìrì láti máa po ìyẹ̀fun pákí mọ́ fúláwà. Nígbà Ọbásanjọ́, ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n ní kí wọ́n fi sí i. Nígbà Jonathan, wọ́n ń lé ìdá 40. Fúláwà ni gbogbo èyí tó kù.

Ìyẹ̀fun wo ló dára jù?

Kò sí ẹyọ ìyẹ̀fun kan tó lè dá iṣẹ́ fúláwà ṣe, àpòpọ̀ ni. Ẹ nílò èyí tó máa fún búrẹ́dì ní ara àti adùn, ẹ sì nílò sítáàṣì tó máa mú un fúyẹ́.

Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni ìpìlẹ̀, torí kò ní òórùn, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ìrẹsì túwó la fẹ́ràn jù. Ìrẹsì Ọ̀fadà dùn lábẹ́ ọbẹ̀ ayamáṣe, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á bo gbogbo búrẹ́dì mọ́lẹ̀. Ọkà bàbà ló yẹ kó ṣìkejì, pàápàá èyí tó funfun: ó ń fúnni ní adùn tó sún mọ́ ti búrẹ́dì gidi ju èyíkéyìí lọ. Jéró náà dára, àmọ́ tí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀ ó máa ń korò, nítorí náà ẹ máa lọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rí àchà láti Plateau rà lè fi rọ́pò ọkà bàbà, owó rẹ̀ ló ga.

Ọ̀rọ̀ pákí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jáde lára rẹ̀. Sítáàṣì pákí, èyí tó ń silẹ̀ nísàlẹ̀ omi tí a sì sá gbẹ, ni a fẹ́ nínú ìlànà wa. Ìyẹ̀fun pákí tí wọn kò jẹ́ kó kan, tí wọ́n bó, rin, fún, tí wọ́n sì sá gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí ìgbà tí wọ́n wú u, òun náà wúlò. Láfún kò ṣe é lò, torí ó ti kan, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ nínú iná. Gàrí náà kò ṣe é lò. Èlùbọ́ iṣu á mú kí búrẹ́dì dúdú, kó sì máa ta sánsán bí àmàlà.

Sítáàṣì kò gbọdọ̀ pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tó bá pọ̀ jù, búrẹ́dì á máa lẹ̀ mọ́ eyín, ní ọjọ́ kejì á sì le.

Ṣé mo lè gbé ìrẹsì mi lọ sí ẹ̀rọ ọlọ ọjà?

Ìbéèrè yìí ni a máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀ sí jù lọ. Ẹ lọ dúró nídìí ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ ọjà. Ìyá kan dé pẹ̀lú àlìkámà kóńgò méjì tó fẹ́ fi ṣe òkèlè, wọ́n lọ ọ́ fún un. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbé èlùbọ́, ẹni kẹta gbé àgbàdo gbígbẹ. Láàárín ẹnì kan sí èkejì, ohun tí ọlọ́lọ máa ń ṣe kò ju kó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí èyí tó há lè já wálẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀rọ náà, ó lẹ̀ mọ́ òkúta inú rẹ̀, ó sì wà lára aṣọ tí wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀. Inú ìrẹsì yín ló ń lọ.

Kí ẹ kọ́kọ́ fi ìrẹsì díẹ̀ ṣan ẹ̀rọ kò tó fún ẹni tó ní celiac. Ẹ fi blender tó ń lọ nǹkan gbígbẹ lọ ọ́ nílé. Ẹ ṣa ìrẹsì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá a títí ọwọ́ ò fi ní bá omi lára rẹ̀ mọ́. Ẹ máa lọ ọ́ ní ago kan ago kan kí mọ́tò blender má baà gbóná jù, ẹ fi asẹ́ tó jọ̀lọ̀ kù ú, ẹ tún èyí tó kù lórí asẹ́ lọ. Tí ẹ bá fi ìka méjì ra ìyẹ̀fun náà tó ń ṣe bí iyanrìn, kò tíì kúnná. Ìyẹ̀fun tí kò kúnná kì í mu omi dáadáa, òun ló sì máa ń fa búrẹ́dì tó ń rún wómúwómú.

Asẹ́ tí wọ́n ti fi kù fúláwà rí, ẹ má lò ó. Kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tí ojú rẹ̀ á mọ́ tán.

Kí ló máa di búrẹ́dì mú nígbà tí gluten ò sí?

Èèpo psyllium, ìyẹn èèpo irúgbìn wẹ́wẹ́ kan, ni ọ̀gá wọn. Ó máa ń wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá àti ilé ìpoògùn, níbi tí wọ́n ti ń tà á fún àwọn tí ìgbẹ́ ń há mọ́. Bó bá ti kan omi, á di ohun tó ń yọ̀, tó nípọn, tó lè sé afẹ́fẹ́ yíìsì mọ́nú. Gíráàmù 5 sí gíráàmù 100 ìyẹ̀fun tó. Tó bá jẹ́ lílọ̀ kúnná, ẹ dín in kù díẹ̀.

Xanthan gum, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú nǹkan ki, náà ń ṣe é: ṣíbí tíì méjì sí gíráàmù 400 ìyẹ̀fun. Àmọ́ búrẹ́dì rẹ̀ máa ń dà bíi kéèkì, kò sì ṣe é pò lọ́wọ́. Ẹ̀gúsí kò ṣe iṣẹ́ yìí. Orúnlá ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti òórùn ilá á wà lára búrẹ́dì, a ò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Kí ni kí n fi rọ́pò mílíìkì àti bọ́tà?

Òróró lásán ti tó dípò bọ́tà. Dípò mílíìkì, omi lásán náà tó, ìlànà wa kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ adùn, omi àgbọn tí ẹ rin tí ẹ sì fún fúnra yín dára púpọ̀. Mílíìkì sóyà máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Mílíìkì àgbọn oníyẹ̀fun tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní casein, tí í ṣe purotéènì mílíìkì màlúù. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń bù sí kọfí tí wọ́n kọ «non-dairy» sí lára náà lè ní in. Àwọn magarínì kan sì ní whey nínú, tó jẹ́ ara mílíìkì náà. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iwájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwọ̀n tí mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Fún páànù búrẹ́dì tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21: ìyẹ̀fun ìrẹsì gíráàmù 200, ìyẹ̀fun ọkà bàbà gíráàmù 100, sítáàṣì pákí gíráàmù 100, èèpo psyllium gíráàmù 20, yíìsì gbígbẹ gíráàmù 7, ṣúgà gíráàmù 25, iyọ̀ gíráàmù 7, òróró ṣíbí ìjẹun méjì, fínígà ṣíbí tíì kan, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 420. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ife àti kóńgò kì í pé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò ní fínígà lè fi ṣíbí ìjẹun omídùn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ bu mílílítà 300 nínú omi náà sínú abọ́, ẹ da psyllium sí i, ẹ rò ó kíákíá kó má baà ṣe kókó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ po yíìsì àti ṣúgà mọ́ omi tó kù, ẹ dúró kó hó. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju ohun tí ìka yín lè gbà pẹ̀lú ìrọ̀rùn lọ, bíi 38°C, torí omi gbígbóná ń pa yíìsì. Ẹ wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ọmọrogùn lù ú fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ dà á sínú páànù tí ẹ ti fi òróró pa, ẹ fi ọwọ́ tútù tẹ́ orí rẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa wú, ẹ má tún un pò. Bó bá ti fẹ́ kan etí páànù, tó sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ẹ gbé e sínú ófùnù tó ti gbóná dé 200°C, kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Tí ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, inú rẹ̀ yẹ kó dé 97°C. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páànù, kó tutù pátápátá kí ọ̀bẹ tó kàn án. Wákàtí méjì kò pọ̀ jù.

Ó rọ̀ jù lójú mi. Ṣé kí n fi ìyẹ̀fun kún un?

Ẹ má fi kún un. Ẹni tó ti ń fi fúláwà ṣe búrẹ́dì ni ojú rẹ̀ máa ń tàn jẹ níbí. Omi wa pọ̀ ju ìwọ̀n ìyẹ̀fun lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, torí sítáàṣì àti psyllium ń mu omi púpọ̀ nínú iná. Àpòpọ̀ náà yẹ kó nípọn bíi ti àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, tó ń já bọ́ lára ṣíbí pẹ̀lú ìrọra. Ìyẹ̀fun àfikún ló ń sọ ọ́ di bíríkì.

Mi ò ní ófùnù. Ṣé ìkòkò lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Ẹ wá ìkòkò tó nípọn tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, ẹ da iyanrìn tó mọ́ tó sì gbẹ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé àgbélé irin kékeré lé e. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí gáàsì kí ẹ tó gbé páànù wọlé. Ẹ fi aṣọ di inú ìdérí kí omi má baà máa kán sórí búrẹ́dì, kí ẹ so etí aṣọ náà sókè kúrò lọ́nà iná. Orí rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti ófùnù. Inú rẹ̀ á jinná.

Ó wú dáadáa, ó wá wó lulẹ̀. Kí ló fà á?

Ó pẹ́ jù kó tó wọ iná. Nígbà ooru, yíìsì ń yára ju bí ẹ ṣe rò lọ: ojú ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe aago. Tó bá ti ga kọjá etí páànù, tí ihò wẹ́wẹ́ ti ń yọ lórí rẹ̀, ó ti kọjá àkókò. Nígbà ọyẹ́, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ.

Tó bá jẹ́ pé ó wó lẹ́yìn tó kúrò nínú iná, inú rẹ̀ kò tíì jinná ni. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ, ó lè jẹ́ àìjinná, ó sì lè jẹ́ pé ẹ gé e nígbà tó ṣì gbóná. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná máa ń ṣòroó fara dà, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì ń dì bó ṣe ń tutù.

Kí ló dé tí inú rẹ̀ fi rí bí àwọ̀ àlùkò?

Psyllium ni. Àwọn kan máa ń yọ àwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú iná, kò sì ní ewu kankan. Ẹ ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn nígbà tó ń bọ̀.

Ṣé ó lè fà bíi búrẹ́dì Agége?

Kò lè fà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ṣèlérí rẹ̀ fún yín ń tàn yín. Gluten tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ léraléra ni fífà yẹn. Èyí tí a ń ṣe rọ̀, ó ṣe é gé, ó ṣe é fi jẹ àkàrà àti ẹ̀wà agọ̀nyìn, kò sì ní dá ẹni tó jẹ ẹ́ dùbúlẹ̀.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Ọjọ́ kìíní ló dùn jù. Ní ọjọ́ kejì ẹ yan án kí ẹ tó jẹ ẹ́. Inú fìríìjì lásán ń mú kó tètè le. Ẹ gé e bó bá ti tutù, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ kó o sínú fírísà, kí ẹ máa yọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ jẹ. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, ẹ ṣe ìdajì ìwọ̀n náà.

Ọ́ọ̀tì ńkọ́?

Ọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò ní gluten àlìkámà, àmọ́ ó sábà máa ń bá àlìkámà pàdé lóko àti nínú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n kọ «gluten-free» sí lára nìkan ni kí ẹ rà. Àwọn díẹ̀ tó ní celiac sì wà tí ara wọn kò gba ọ́ọ̀tì tó mọ́ pàápàá.

Òkè òkun ni mo wà. Báwo ni kí n ṣe ka páálí?

Ní Britain àti Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n bá kọ «gluten-free» sí kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 gluten lọ nínú kílógíráàmù kan. «Wheat-free» kì í ṣe ohun kan náà, torí ọkà bálì lè wà nínú rẹ̀. Ní Britain, òfin ní kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ ọkà tó ní gluten àti mílíìkì hàn yàtọ̀ láàárín èròjà yòókù. Ní Amẹ́ríkà, òfin aléjì fi dandan lé dídárúkọ àlìkámà àti mílíìkì, kò fi dandan lé ọkà bálì, torí náà ẹ máa wá ọ̀rọ̀ «malt» fúnra yín.

Ní Brazil, òfin 2003 sọ pé gbogbo páálí oúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ bóyá gluten wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Pão de queijo tí wọ́n ń fi sítáàṣì pákí ṣe níbẹ̀ kò ní gluten, ṣùgbọ́n wàràkàṣì kún inú rẹ̀. Casabe ti Cuba ló bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì: pákí lásán ni, pẹlẹbẹ, wọ́n ń yan án lórí irin gbígbóná. UNESCO fi í sára àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé tọ́jú ní 2024.

Àwọn yòókù nílé ṣì ń jẹ búrẹ́dì fúláwà. Ṣé a lè jọ lo ilé ìdáná?

Ẹ lè jọ lò ó bí gbogbo ilé bá fọwọ́ sí i. Tósítà ẹni tó ní celiac gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, pátákó ìgénǹkan lọ́tọ̀, magarínì àti jáàmù tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọ̀bẹ tó ti kan búrẹ́dì fúláwà ló ń padà wọ inú ike. Fúláwà máa ń wà lójú afẹ́fẹ́ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá kù ú, nítorí náà tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ tó ṣe ti àwọn yòókù. Tí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé «ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò díẹ̀» kì í ṣe ìkẹ́ fún ọmọ tó ní celiac.

Ṣé mo lè gbé búrẹ́dì tí mo ṣe nílé lọ fún àlùfáà kó fi fún mi ní Ara Olúwa?

Nínú Ìjọ Kátólíìkì, kò ṣe é ṣe. Àlìkámà gbọ́dọ̀ wà nínú óstíà, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe Ara Olúwa, Vatican sì tún un sọ ní 2017 pé èyí tí kò ní gluten rárá kò ṣe é lò. Wọ́n gba óstíà tí gluten rẹ̀ kéré gan-an láyè, ẹni tí ìyẹn náà bá sì ṣòro fún lè gba wáìnì nìkan. Àwọn ìjọ mìíràn ní ìlànà tiwọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì rọ̀ ju èyí lọ.

Ẹ bá àlùfáà sọ̀rọ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kó lè fi óstíà yín sínú ohun èlò tó dá wà tó sì ní ìdérí, kó sì ya ife kan sọ́tọ̀ tí wọn kò já óstíà sínú rẹ̀. Kí ẹ sì kọ́kọ́ gbà á kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ti àwọn yòókù.